Lẹ́tà ṣíṣí sí ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ wa ní Kubwa: Ẹ dá ìpàdé wa padà, ẹ jẹ́ ká lè gbé fóònù sílẹ̀

Ẹ̀yin bàbá wa àti ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ wà nínú ìgbìmọ̀ alákòóso ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ládùúgbò wa ní Kubwa, ní Abuja, Alága, Akọ̀wé, Akápò, Ìyálóde àti gbogbo olóyè ẹgbẹ́ pátá, mo kúnlẹ̀ kí yín.

Ọ̀rọ̀ òfin tuntun tí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa nínú oṣù Kìíní ọdún yìí ni mo bá wá. Òfin náà ní ẹsẹ̀ mẹ́ta. Ó ní ìpàdé tí a máa ń ṣe ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ oṣù kò ní jẹ́ ojúkojú mọ́, orí WhatsApp ni yóò ti máa wáyé. Ó ní nígbàkígbà tí Akọ̀wé bá pe orúkọ lórí gúrúùpù, ẹni tí kò bá dáhùn "mo wà" láàárín wákàtí kan yóò san ₦1,000. Ó tún ní kíláàsì Yorùbá tí àwọn ọmọ wa ń ṣe láàárọ̀ Sátidé ti di fídíò, kí òbí kọ̀ọ̀kan wá fóònù fún ọmọ rẹ̀ tó bá ti pé ọdún mẹ́jọ kó lè máa wò ó.

Mo ti bá Akọ̀wé sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo kọ ọ̀rọ̀ náà sórí gúrúùpù, ẹnì kan fi àwòrán ọwọ́ tó ń pàtẹ́wọ́ dá mi lóhùn, ẹlòmíràn gbé ìpolówó ọjà lé e lórí, ibẹ̀ ló parí sí. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ síta báyìí, kí àwọn ọmọ Yorùbá tó wà nínú ẹgbẹ́ bíi tiwa ní Nyanya, ní Lugbe, ní Kàdúná, ní Sabon Gari ní Kano, lè bá wa dá sí i. Ó dá mi lójú pé kì í ṣe àwa nìkan ló ń ṣe.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló fẹ́ jáwọ́ nínú àwòjù fóònù, ṣùgbọ́n ẹ ti fi òfin so ó mọ́ wa lọ́wọ́. Kò sí bí ẹnì kan ṣe lè dá jáwọ́ nínú àṣà tí odindi ẹgbẹ́ ń fi owó ìtanràn gbè lẹ́yìn.

1. Ara mi ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀. Aránṣọ ni mí, ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí ọjà Kubwa. Nínú oṣù Kẹwàá ọdún 2024, oníbàárà mi kan láti Gwarinpa gbé léèsì aláwọ̀ ewé wá, yáàdì márùn-ún, fún ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀. Mo ti gé e, mo ti rán an, ó ku kí n lọ̀ ọ́ kí n so bọ́tìnnì mọ́ ọn. Àyọ́ọ̀nù wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi. Fóònù dún, mo fi ọwọ́ òsì gbé e. Ẹnì kan ló fi àwòrán òdòdó sórí gúrúùpù ẹgbẹ́ wa, ó kọ "Ẹ káàárọ̀, ẹbí rere" sí i lára. Mo wò ó, mo fa ojú fóònù sókè láti mọ ohun tó tẹ̀ lé e, mo bá fídíò kan pàdé, mo wo ìyẹn náà. Òórùn ló pè mí padà. Nígbà tí mo máa gbé àyọ́ọ̀nù kúrò, léèsì ti yọ́ mọ́ ọn nídìí. Ihò tó kù lára aṣọ náà tó àtẹ́lẹwọ́ mi, ó sì jẹ́ ní àyà, níbi tí ọgbọ́n aránṣọ kankan kò lè bò.

Mo ra léèsì mìíràn. Èrè iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló bá a lọ. Ṣùgbọ́n èyí tó dùn mí wọ eegun ni pé àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi mẹ́ta ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà lọ́jọ́ yẹn, kò sì sí ìkankan nínú wọn tó gbóòórùn aṣọ tó ń jó. Orí fóònù ni àwọn náà wà.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo ṣí ibi tí fóònù ti ń ṣírò àkókò tí à ń lò lórí rẹ̀. Ó wà nínú ọ̀pọ̀ fóònù tó wà lọ́wọ́ wa, ọdún 2018 ni Google àti Apple gbé e jáde: Digital Wellbeing ni ti Android ń jẹ́, Screen Time ni ti iPhone. Ó ní wákàtí 6 àti ìṣẹ́jú 40 ni mo lò lọ́jọ́ yẹn, pé ìgbà 143 ni mo ṣí i. Mo pè é nírọ́. Mo wo ti àná, mo wo ti ìjẹta, bákan náà ni wọ́n rí. Wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀ lójúmọ́, èmi tí mo ń bẹ oníbàárà lójoojúmọ́ pé kí wọ́n fún mi láyè sí i.

2. Ẹ̀yin àgbà máa ń sọ pé ẹni tó bá fẹ́ gbé fóònù sílẹ̀ á gbé e sílẹ̀, pé àìkóra-ẹni-níjàánu ló ń yọ àwọn ọmọ òde òní lẹ́nu. Mo bẹ̀ yín, ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn tó ṣe nǹkan wọ̀nyí gan-an ló ti fi ẹnu ara wọn jẹ́wọ́. Sean Parker, ẹni tó kọ́kọ́ jẹ́ ààrẹ ilé iṣẹ́ Facebook, sọ ní gbangba nínú oṣù Kọkànlá ọdún 2017 pé ohun tí àwọn ń wá nígbà tí àwọn ń kọ́ ọ ni ọ̀nà tí àwọn á fi gba èyí tó pọ̀ jù lọ nínú àkókò àti àkíyèsí èèyàn, àti pé àwọn mọ̀ pé ibi tí ọkàn ẹ̀dá ti rọ̀ ni àwọn ń tẹ̀. Aza Raskin ló dá ọgbọ́n tó fi jẹ́ pé èèyàn á máa fa ojú fóònù lọ sókè tí kò ní dé òpin. Ọdún 2006 ló ṣe é, ó sì ti sọ lẹ́yìn náà pé òun kábàámọ̀ rẹ̀. Kó tó dìgbà yẹn, ojú ewé máa ń parí, èèyàn gbọ́dọ̀ tẹ bọ́tìnnì kó tó rí èyí tó kàn. Ìdúró díẹ̀ yẹn ni obìnrin fi ń rántí pé òun gbé ìkòkò kaná. Wọ́n ti yọ ìdúró yẹn kúrò.

Ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ B. F. Skinner ti fi eku àti ẹyẹlé dán irú ọ̀rọ̀ yìí wò kí ẹnikẹ́ni tó lálàá fóònù tó wà lọ́wọ́ wa yìí. Bí ẹyẹ bá ń rí oúnjẹ ní gbogbo ìgbà tó bá fi àgógó ẹnu kan bọ́tìnnì, bó bá yó á kúrò nídìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí oúnjẹ bá ń jáde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí ẹyẹ kò mọ ìgbà tó máa jáde, ńṣe ni á dúró tì í, tí á máa kàn án ṣáá. Ohun tó so onítẹ́tẹ́ mọ́ ìdí tẹ́tẹ́ náà nìyẹn.

Ẹ wá wo gúrúùpù wa. Lọ́jọ́ kan péré nínú oṣù tó kọjá, mo jókòó ka gbogbo ohun tó wọlé láti òwúrọ̀ di alẹ́. Àtẹ̀jíṣẹ́ 112 ni. Òdòdó àti àdúrà àárọ̀, ìròyìn tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ ní ìgbà mẹ́fà káàkiri, fídíò ẹlẹ́yà, ìpolówó gàrí Ìjẹ̀bú. Láàárín wọn ni ìkéde kan wà pé ilé iṣẹ́ kan ní Idu ń wá awakọ̀. Ìyàwó kan nínú wa tètè rí i, ọkọ rẹ̀ sì ríṣẹ́. Ìkéde ẹyọ kan yẹn ni gbogbo wa fi ń ka 111 yòókù. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ pàǹtírí, à bá ti pa á tì tipẹ́. Nítorí pé wúrà kan máa ń bọ́ sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni a kò fi lè gbójú kúrò.

3. Mo jáwọ́ o. Kúlẹ̀kúlẹ̀ ni mo máa sọ ọ́, nítorí ọ̀pọ̀ ìyá nínú ẹgbẹ́ ló ti bi mí léèrè, àti kí ẹ lè mọ ohun tí òfin yín wó lulẹ̀.

Mo ra aago kékeré alábátìrì méjì lọ́jà, èyí tó lè jí mi láàárọ̀, kí n má baà rí àwáwí pé fóònù ló ń jí mi. Láti ọjọ́ yẹn, pálọ̀ ni fóònù mi ń sùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Mo pa gbogbo ìró tó ń dún lára rẹ̀, àfi ti ìpè àti ti owó tó bá wọ báǹkì. Mo yọ Facebook àti TikTok kúrò. Mi ò lè yọ WhatsApp, ibẹ̀ ni oníbàárà ti ń fi sítáì ránṣẹ́. Mo sọ ojú fóònù di dúdú òun funfun, bíi tẹlifíṣọ̀n ayé àtijọ́. Ẹ wò ó, èyí ló yà mí lẹ́nu jù: fídíò tí kò ní àwọ̀ kì í pẹ́ sú ojú.

Lẹ́yìn náà ni mo mú àjákù àǹkárá, mo rán àpò gbọọrọ kan tó ní ojú mẹ́rin, mo so bọ́tìnnì mọ́ ojú kọ̀ọ̀kan, mo fi kọ́ ìṣó lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Fóònù mi wọ ọ̀kan, ti àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ wọ mẹ́ta tó kù. A máa ń ṣí i ní aago mẹ́wàá, aago kan àti aago mẹ́rin.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ le. Ọwọ́ mi á ṣàdéédé lọ sínú àpò éépírọ́ọ̀nù, á bá ṣọ́ọ̀kì àti téèpù níbẹ̀. Mò ń gbọ́ tí fóònù ń gbọ̀n mọ́ itan mi nígbà tó jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà ló wà. Bí mo bá ti rán kọ́là kan tán, ara mi á máa béèrè nǹkan tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Mo ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Àbúrò mi bímọ ní Ìlọrin, gbogbo ẹbí ń fi àwòrán ọmọ ránṣẹ́, mo sì wà nídìí rẹ̀ di òru. Ẹ̀ẹ̀kejì jẹ́ nínú oṣù Kẹta, iná lọ, ẹ ò ṣàì mọ bí ooru Abuja ṣe ń rí nínú oṣù Kẹta, mi ò rí oorun sùn, mo dìde lọ gbé e ní pálọ̀. Mo tún bẹ̀rẹ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní University College London, tó jáde lọ́dún 2009, sọ pé kí àṣà tuntun tó mọ́ èèyàn lára, bí a bá ṣírò ti gbogbo wọn pọ̀ tí a pín in dọ́gba, ó ń gba ọjọ́ 66. Ó yá fún àwọn kan ní ọjọ́ 18, fún àwọn mìíràn ó lè tó 254. Ẹni tó bá ti gbìyànjú ọ̀sẹ̀ méjì tó sì rò pé òun ò lè ṣe é, kó mọ̀ pé àkókò ni kò tíì tó.

Nígbà tó fi máa di oṣù Karùn-ún ọdún 2025, wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú díẹ̀ ni mò ń lò lójúmọ́. Ọmọbìnrin kan nínú àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi, tó ti lo odindi ọdún kan láìmọ bùbá gé, mọ̀ ọ́n gé láàárín oṣù méjì. Kò yí padà di ẹlòmíràn, ojú rẹ̀ ló padà sára aṣọ.

Òfin yín wá dé. Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ tó tẹ̀ lé e, aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ alẹ́ ni Akọ̀wé pe orúkọ. Mo ti sùn, fóònù wà ní pálọ̀. Mo jí bá ₦1,000. Èyí tó tẹ̀ lé e, aago mẹ́fà àárọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mò ń wẹ ọmọ fún ilé ìjọsìn, mo tún san ₦1,000. Lẹ́yìn ẹ̀kẹta ni mo gbé fóònù padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 50 ló ti padà sí báyìí, ó sì ń gùn sí i. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò kìlọ̀ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Hẹ̀rẹ̀huru náà nìyí, mò ń gbọ́ ọ lórí tábìlì mi ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ alẹ́.

4. Èyí kúrú. Ìpè orúkọ kan wáyé ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, nígbà tí mẹ́ta nínú wa wà lórí títì márosẹ̀ Kubwa lẹ́yìn ìdarí ọkọ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló dáhùn "mo wà." Ẹ̀ṣọ́ ojú pópó FRSC fòfin de kí awakọ̀ máa fọwọ́ kan fóònù lórí ìrìn, àwa sì ń bu owó ìtanràn lé ẹni tó bá pa òfin yẹn mọ́.

5. Nínú oṣù Kejì ni àìsàn gbé bàbá káfíńtà wa dé ilé ìwòsàn. Òru mẹ́sàn-án ni wọ́n lò níbẹ̀. Ẹni tó bá ṣí gúrúùpù wa á rí i pé àtẹ̀jíṣẹ́ 74 ló wọlé fún wọn: "Ọlọ́run á wò yín sàn," "Ẹ ó dìde," àwòrán ọwọ́ méjì tó pàdé. Àwa tó fi ẹsẹ̀ dé ibẹ̀ jẹ́ méjì. Èmi gan-an, ọjọ́ keje ni mo tó lọ. Ẹ̀bi mi ni, mo sì gbà á. Ní ọjọ́ kejì tí ìròyìn náà jáde ni mo ti kọ "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, bàbá," ọkàn mi sì balẹ̀ bí ẹni pé mo ti gbé ọbẹ̀ lọ kí wọn. Ìtẹ̀lọ́rùn tí ọ̀rọ̀ mẹ́rin yẹn fún mi ló jẹ́ kí n jókòó sílé fún ọjọ́ márùn-ún sí i.

Bàbá gbé fóònù wọn lé itan. Wọ́n ka àdúrà àwọn kan sí mi létí. Wọ́n wá sọ pé, "Mò ń rí ọ̀rọ̀ yín níbí, ìyá. Ojú yín ni mò ń wò fún."

Yorùbá kò sọ pé ojú lọ̀rọ̀ wà lásán. Nígbà tí à ń jókòó pọ̀, àga tó ṣófo ló ń kéde àìsàn. Ìyálóde á wo ọ̀tún, á wo òsì, á ní, "Bàbá káfíńtà dà?" Kí ìpàdé tó tú, a ti yan ẹni mẹ́rin tó máa lọ wò wọ́n, a ti dá owó. Ní báyìí, ìyàwó bàbá ló ń fi fóònù wọn dáhùn "mo wà" láti ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, kí wọ́n má baà san ₦1,000. Àkọsílẹ̀ Akọ̀wé fi hàn pé bàbá wá sí ìpàdé oṣù Kejì.

6. Ti àwọn ọmọ ló dùn mí jù. Láti ọdún 2021 ni mo ti ń ran olùkọ́ wọn lọ́wọ́ láàárọ̀ Sátidé. Àwọn ọmọ wa ń sọ Gẹ̀ẹ́sì nílé ìwé, wọ́n ń sọ Haúsá pẹ̀lú àwọn ọmọ aládùúgbò, èyí kò sì burú, ó ń là wọ́n lójú. Ṣùgbọ́n ibi kan ṣoṣo tí ọmọ Yorùbá ti ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jà, tí ó ti ń bá a ṣeré, tí ó ti ń purọ́ fún un ní Yorùbá ní gbogbo Kubwa yìí ni orí ẹní lábẹ́ igi máńgòrò yẹn. Ọmọ 23 ni wọ́n. Bí olùkọ́ bá ní "Ààlọ́ oo!", ohùn "Ààlọ̀!" tó ń jáde lẹ́nu wọn máa ń jẹ́ kí mai-ruwa, ẹni tó ń ta omi kiri, dá ọmọlanke rẹ̀ dúró ní ẹnu ọ̀nà kó lè wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Nígbà tí fídíò àkọ́kọ́ jáde, mo kó ọmọ méjì tèmi àti mẹ́rin ti aládùúgbò jọ sí pálọ̀ mi ká lè wò ó pọ̀. Ìṣẹ́jú 14 ni fídíò náà. Kò tíì ju ìṣẹ́jú kan lọ tí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan nínú wọn ti fi ìka fò ó síwájú, ó fò ó lẹ́ẹ̀kejì, ó kúrò níbẹ̀ bọ́ sórí bọ́ọ̀lù. Mo gba fóònù. Mo ní kí wọ́n jókòó, èmi fúnra mi á pa àlọ́ Ìjàpá náà fún wọn. Mo ti sọ ọ́ dé ibi tí Ìjàpá ti ń tọrọ ìyẹ́ lọ́wọ́ àwọn ẹyẹ, ọmọ náà wò mí, kì í ṣe pé ó fẹ́ rí mi fín o, ó kàn fẹ́ mọ̀ ni, ó ní, "Àǹtí, ibo la máa tẹ̀ kó lè tètè dé ìparí?"

Mi ò lè gbàgbé ìbéèrè yẹn. Mo dì í mú lórí itan mi títí mo fi parí àlọ́ náà, nígbà tí a sì fi dé ibi orin, òun ló ń gbè é jù.

Ọmọ yẹn ni òfin yín ní kí wọ́n ra fóònù fún. Ẹ wo ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń ṣe. Ilẹ̀ Faransé ti fi òfin lé fóònù kúrò lọ́wọ́ ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti àwọn tó tẹ̀ lé wọn láti ọdún 2018. Ọsirélíà ṣòfin pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 kò gbọ́dọ̀ ní àkáǹtì lórí àwọn ìkànnì bíi TikTok àti Instagram, òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 2025. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ nínú oṣù Kẹrin ọdún 2019 pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọ́dọ̀ máa jókòó wo fóònù tàbí tẹlifíṣọ̀n rárá, pé ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí kan lọ lójúmọ́. Ẹ lè ní ọmọ ọdún mẹ́jọ lẹ dárúkọ. Nínú yàrá méjì tí ọ̀pọ̀ wa ń gbé ní Kubwa, ta ló máa gbé fóònù fún ọmọ ọdún mẹ́jọ tí àbúrò rẹ̀ ọlọ́dún méjì kò ní yọjú sí i?

7. Ẹ ní ìdí tí ẹ fi ṣòfin náà, mi ò ní fi bò. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí owó ìrànwọ́ orí epo ti kúrò, owó ọkọ̀ ti di ẹrù. Àwọn kan ń ti Zuba wá, àwọn kan ń ti Bwari àti Dutse-Alhaji wá. Bí ìpàdé bá sì pẹ́, ẹ̀rù àwọn ọlọ́ṣà "one chance" tó ń fi ọkọ̀ gbé èèyàn ń bà wá, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀nà kejì. Nínú oṣù Kìíní ọdún 2025 ni NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀, fún àwọn ilé iṣẹ́ fóònù láṣẹ láti fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn. Kí òfin yín tó dé, ₦800 ni mo fi ń wọ kẹ̀kẹ́ Napep lọ sí ìpàdé bọ̀. Ní báyìí, dátà tí mò ń rà lóṣù ti fi ₦2,500 ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, fídíò gúrúùpù ló ń jẹ ẹ́. Ìtanràn ₦3,000 kò sí nínú ìṣírò yẹn.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé mo ní ká ju fóònù sí kànga. Nígbà tí ìjọba pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní Zamfara nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021 nítorí àwọn agbébọn, àbúrò ìyá mi tó ń ta aṣọ ní Gusau wà níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi wà láìgbọ́ ohùn wọn. Ìyá mi kò lè jẹun dáadáa. Mo mọ iyì fóònù. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kó wà fún ohun tó fi níyì, kí n lè gbé e nígbà tí àǹtí mi bá pè láti Gusau, kí n sì lè gbé e sílẹ̀ nígbà tí àyọ́ọ̀nù bá wà lọ́wọ́ mi.

Ohun tí mò ń béèrè nìyí.

Ẹ fagi lé ìtanràn ₦1,000 lónìí, kì í ṣe lẹ́yìn ìpàdé mìíràn. Ẹ sì dá owó tí ẹ ti gbà padà, tàbí kí ẹ fi gbogbo rẹ̀ san nínú owó ilé ìwòsàn bàbá káfíńtà.

Ẹ dá ìpàdé ojúkojú padà. Bí ti oṣooṣù bá pọ̀ jù, kó jẹ́ oṣù méjì-méjì. Ká bẹ̀rẹ̀ ní aago méjì ọ̀sán ká tú ní aago mẹ́rin, kí ará Zuba lè délé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ jìn, kí ẹgbẹ́ bá a dá sí owó ọkọ̀.

Ẹ pín gúrúùpù sí méjì. Ọ̀kan fún ìkéde nìkan, tó jẹ́ pé olóyè nìkan ló lè kọ nǹkan sí i: iṣẹ́, ikú, àìsàn, ìpàdé. Ètò rẹ̀ wà nínú WhatsApp, kò gba ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ọ̀kan yòókù fún òdòdó àti gàrí, kí ẹni tó bá fẹ́ wà níbẹ̀. Láti aago mẹ́sàn-án alẹ́ sí mẹ́fà àárọ̀, kí àwọn méjèèjì dákẹ́ àfi bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu.

Ẹ dá kíláàsì àwọn ọmọ padà sórí ẹní. Ẹ má ra fóònù fún ọmọ kankan lórúkọ ẹgbẹ́ yìí. Olùkọ́ wọn ti sọ fún mi pé òun ṣe tán láti padà, èmi náà yóò máa wá.

Ẹ yan ẹni mẹ́ta tí iṣẹ́ wọn yóò jẹ́ àbẹ̀wò aláìsàn. Mo fi orúkọ mi sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni àkọ́kọ́.

Bí a bá sì ti jókòó, kí fóònù gbogbo wa wà lẹ́nu ọ̀nà, ti Alága náà. Mo ti ń rán àpò fún un, mi ò gba kọ́bọ̀. Àǹkárá mẹ́fà ni mo já pọ̀, ojú 60 ni yóò ní, mo ń fi òwú kọ nọ́ńbà sí ojú kọ̀ọ̀kan kí ti ẹnì kan má baà ṣì mọ́ ti ẹlòmíràn. Dókítà, awakọ̀ tàbí ẹni tó ní aláìsàn nílé lè fi tirẹ̀ sí ojú àkọ́kọ́, kó dún, kí a pè é síta.

Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù Karùn-ún, aago méjì ọ̀sán, màá wà lábẹ́ igi máńgòrò níwájú gbọ̀ngàn tí à ń lò tẹ́lẹ̀, ì báà jẹ́ pé ẹ ti dá mi lóhùn tàbí ẹ kò tíì dá mi lóhùn. Màá gbé ẹní mẹ́ta dání fún àwọn ọmọdé. Àpò náà wà lórí máṣìnnì mi báyìí. Mo ti rán ojú 44. Ó ku 16 àti bọ́tìnnì.

Èmi ni ọmọ yín,
aránṣọ, ọmọ ẹgbẹ́ láti ọdún 2016,
Kubwa, Abuja.